Bàrístà Tó Jẹ́rìí Ohun Tí Kò Tíì Ṣẹlẹ̀

Ẹ yin Olúwa tí kì í purọ́!

Ẹ dákun, ohùn yín kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, ẹ yin Olúwa tí kì í purọ́! Halelúyà! Tó bá ní òun ti ṣe é, ó ti ṣe é nìyẹn. Tí kò bá tíì ṣe é, kò ní sọ pé òun ti ṣe é. Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́. Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé ẹnì kan tí kò sọ nǹkan bó ṣe rí gan-an ló dá wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí mo fojú ara mi rí, n ó sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n ó sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò láàárín wa, èmi ni Màmá Gbénga, tí mo ń rán aṣọ ilé-ìwé lójú ọ̀nà Ilo-Awela. Tí ọmọ yín bá ń wọ yunifọ́ọ̀mù ní àdúgbò yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gé e. Gbénga ni àkọ́bí mi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Láti kékeré ni Gbénga ti ní ásímà. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ní irú rẹ̀ mọ bí mo ṣe ń sùn: etí kan wà nínú oorun, etí kejì wà lára èémí ọmọ. Ó ti dàgbà, ó ti ga jù mí lọ, síbẹ̀ tó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, n ó bi í pé, "Ike rẹ dà?" Ike tó máa ń fín sẹ́nu nígbà tí èémí bá há ni mò ń wí. Á ní, "Ó wà lápò, Màámi. Àbí kí n fín in fún yín kẹ́ ẹ rí i ni?" Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò burú. Ìyá tó ń bẹ̀rù àbẹ̀rùjù sàn ju ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Gbénga, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan dìde láti ìjókòó iwájú, ó gba máìkì. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é náà ni n ó máa pè é: Bàrístà. Lọ́yà ni. Òun ló máa ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn ọ̀tá dìde sí mi níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ rọ́kún nílé, pé n kò gbọdọ̀ dúró níwájú adájọ́ kankan. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú yín lónìí, mo sì ń kéde pé Ọlọ́run ti dá mi padà!"

Ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn akọrin gbé orin. Màmá Aláàánú, olórí ẹgbẹ́ obìnrin wa, bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi ń fẹ́ Bàrístà láti orí dé ẹsẹ̀. Èmi náà jó. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi ní kó lọ rọ́kún. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó dá a padà. Ṣé a máa ń bi ẹni tó ń jẹ́rìí ní ìbéèrè? Ó sọ ọ́, a ké Halelúyà, ó parí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wáyà sọnù ní kọ́ńpìnnì tí Gbénga ti ń ṣiṣẹ́. Wáyà iná ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èyí tó sọnù jẹ́ wáyà kọ́pà ńlá tí wọ́n ká sára igi, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kì bọ àpò. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn Gbénga wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sọnù. Ọlọ́pàá kó òun àti àwọn méjì mìíràn. Àwọn méjì yẹn ní èèyàn nínú kọ́ńpìnnì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wà nílé wọn. Gbénga kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun ni wọ́n dì mú.

Mo sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ́rùn mi. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà wò mí.

"Màmá, kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Ike tọ́mọ mi fi ń mí ni, ọ̀gá."

"Ṣé kò lè mí lásán bíi tèmi ni?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ó gba ike náà ṣá. Ó ní wọ́n máa gbé Gbénga lọ sí kóòtù ní Ọ̀tà, pé kí n lọ wá lọ́yà. Lọ́yà! Ibo ni ẹsẹ̀ mi máa gbà bí kò ṣe ilé Bàrístà?

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, nítorí ẹnì kan ti ń sọ láàárín wa pé mi ò béèrè. Mo béèrè! Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, mo ní, "Bàrístà, ẹ má bínú sà. Ṣé ẹ ti lè dúró ní kóòtù báyìí? Ṣé wọ́n ti dá yín padà lóòótọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá Gbénga! Ṣé ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí ni?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Ẹ ò ké Halelúyà?"

"Mo ké e, sà."

"Kí lẹ wá ń béèrè?"

Ojú tì mí. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ni mo ń bi ní ìbéèrè. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé kí ọkàn mi balẹ̀, ọmọ mi ọmọ òun ni. Owó tó gbà kọ́ ni mo wá sọ lónìí. Mo fi ti owó sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Àtàn-Ọ̀tà, ó ń ta pákó níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, bí gbogbo ilé wa ṣe jẹ́ kí n tó di onígbàgbọ́. Àlàájì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ni lọ́yà yín?"

Mo ní, "Bàrístà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti dá a padà."

"Àlùhámúdùlíláì. Ọlọ́run ti dá a padà. Àwọn lọ́yà tó lé e ńkọ́, ṣé àwọn náà ti dá a padà?"

"Bùọ̀dá mi, ẹ má fi ìgbàgbọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi kẹ̀? Mo kàn béèrè ni. Tí mo bá fẹ́ ra pákó, mo máa ń yí i wò lẹ́yìn. Kì í ṣe pé mo kórìíra igi."

Inú bí mi sí i débi pé n kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kóòtù, Bàrístà wọ ẹ̀wù dúdú lọ́yà rẹ̀, ó tẹríba, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní òun dúró fún Gbénga. Ó tọrọ béèlì. Ẹ̀yin ará, ó mọ̀ ọ́n sọ! Mo ń wo ọmọ mi níbi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí, ó ń wò mí, mo fi ọwọ́ kan àpò mi láti bi í nípa ike rẹ̀, òun náà fi ọwọ́ kan àpò tirẹ̀. Adájọ́ ní òun máa gbọ́ ọ̀rọ̀ béèlì náà nígbà tó bá yá, pé kí wọ́n fi Gbénga sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí di ìgbà náà. Bàrístà ní, "Ẹ má mikàn, Màmá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Nígbà tí a padà débẹ̀, lọ́yà kọ́ńpìnnì dìde. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Kò wù mí kí n sọ èyí nípa ọ̀rẹ́ mi," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pe ara wọn ní kóòtù, "ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń bá àwa lọ́yà wí ti ní kó lọ rọ́kún nílé, àkókò tí wọ́n dá fún un kò sì tíì pé. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ níbí."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Bàrístà tẹríba. "Olúwa mi, wọ́n ti dá mi padà."

"Ta ló dá ọ padà?"

Ẹ̀yin ará! Ìbéèrè Àlàájì gan-an! Èèyàn kan ní Àtàn tó ń ta pákó, èèyàn kan ní Ọ̀tà tó ń dájọ́, wọn kò mọ ara wọn rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n béèrè. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó sínú ilé yìí, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Bàrístà ní, "Ìgbìmọ̀ náà ni, Olúwa mi. Ìwé rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì mi."

"Mú un wá nígbà tí a bá tún jókòó."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ wo lọ́yà kọ́ńpìnnì náà láti ẹ̀gbẹ́ ojú, mo ní nínú ọkàn mi pé ojú máa tì ọ́.

Nígbà tí a tún jókòó, Bàrístà kò wá. Mo pè é, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà kóòtù bí ìgbà tí mo bá ń retí àlejò. Adájọ́ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé gbogbo ohun tí ọkùnrin náà kọ wá síwájú òun kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kọ. Ó fagi lé e. Ó wá dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó tọrọ béèlì rí, pé a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá ọmọ náà padà."

Ìdápadà tí mo fojú ara mi rí nìyẹn. Wọ́n dá ọmọ mi padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí mo lọ wò ó lẹ́yìn náà, wọn kò mú un jáde wá bá mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n mú lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí a bá ń fa aṣọ ya. Dọ́kítà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn búburú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, yàrá tó wà há, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀. Mo lè fún un ní oògùn. Mi ò lè fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ tètè wá béèlì ọmọ yìí. Tí èémí rẹ̀ bá tún há kí wọ́n tó pè mí..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ń parí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Gbénga ní, "Màámi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ike mi wà lápò." Ike náà ti tán. Mo fín in wò nígbà tó sùn. Òfìfo ni.

Jésù! Mo ti ibẹ̀ lọ tààrà sí ilé Bàrístà. N kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Ṣé wọ́n dá yín padà àbí wọn ò dá yín padà?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, n ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni mo jẹ́. Onígbàgbọ́ kì í dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kó tó jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣe àmín sí i. Tí ẹ bá wá ń sọ báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń fa ọwọ́ Ọlọ́run sẹ́yìn."

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ fún adájọ́. Ṣé adájọ́ ṣe àmín?"

"Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Ẹ lọ gbàdúrà."

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí i pé ó ti i. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

Mo wá sí ọ́fíìsì Pásítọ̀. Pásítọ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ ilé lèyí, Màmá Gbénga. Ẹ má gbé e jáde. Bàrístà ti ṣe dáadáa fún ṣọ́ọ̀ṣì yìí." Sà, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ wí. N kò bú yín. Ẹ̀rí ni mò ń jẹ́. Màmá Aláàánú wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Òun ló ní, "Kí lẹ fẹ́ káwọn aláìgbàgbọ́ máa sọ nípa wa? Ẹ bọ́ sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kẹ́ ẹ jẹ́rìí pé ọmọ yín ti jáde. Nípa ìgbàgbọ́! Ẹ ó sì rí i pé á jáde."

Wọ́n fún mi ní máìkì lóòótọ́. Ẹ̀yin náà rántí. Mo dúró níbi tí mo dúró sí yìí. Gbogbo yín ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ yín ti wà lókè, ẹ ń dúró kí n sọ ọ́. Mo wò yín. Mo ronú pé tí mo bá ní ó ti jáde, ẹ ó jó, ẹ ó lọ sílé, kò ní sí ẹnì kankan tó máa gbàdúrà fún un mọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa bá mi wá lọ́yà, torí ó ti jáde ná. Mo ní, "Ọmọ mi ṣì wà ní àtìmọ́lé. Kò lè mí dáadáa. Ẹ bá mi gbàdúrà." Mo dá máìkì padà.

Kò sí ẹni tó ké Halelúyà. Àwọn akọrin ò gbé orin. Nígbà tí mo padà síbi ìjókòó mi, obìnrin tó jókòó tì mí ti gbé báàgì rẹ̀ lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè mí ní Màmá Aláìnígbàgbọ́. Mo gbọ́ ọ. Etí mi kò di.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí kì í purọ́ gbọ́ òtítọ́ tí mo sọ! Ẹ yin ín!

Ní kóòtù, mo lọ nìkan. Wọ́n pe ẹjọ́ Gbénga. Adájọ́ béèrè lọ́yà rẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Olúwa mi, kò ní lọ́yà mọ́." Adájọ́ wo àwọn lọ́yà tó jókòó síwájú, tí wọ́n ń dúró de ẹjọ́ tiwọn, ó ní, "Ṣé kò sí ọ̀kan nínú yín tó lè dúró fún ọmọ yìí?"

Wọ́n ń wo ìwé wọn. Obìnrin kan dìde. N kò rí i rí. Ó ní, "N ó dúró fún un, Olúwa mi."

Nígbà tí a jáde síta, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ lọ rọ́kún nílé rí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ògiri. "Rárá o, Mà. Ẹ má gba tẹnu mi gbọ́ o. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ béèrè dáadáa."

Mo lọ béèrè. Kò bínú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró dè mí títí mo fi béèrè tán.

Ó kọ ọ̀rọ̀ béèlì tuntun, ó fi ohun tí dọ́kítà sọ sínú rẹ̀. Adájọ́ gbà á. Wọ́n ní kí onídùúró wá. Lára gbogbo ẹ̀yin arákùnrin tí mo bẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kò sí ẹni tó wá. Àlàájì tó ń ta pákó ní Àtàn ló wá dúró fún un. Ọjọ́ tí Gbénga jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù rẹ̀ ń fì lára rẹ̀ bíi pé èmi kọ́ ni mo gé e. Àlàájì wò ó, ó ní, "Ẹ ò rí i, Ìyá Gbénga, wọ́n ti fi ìrẹ́pákó rẹ́ ọmọ yìí." Èmi ń sunkún, Gbénga ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wúkọ́. Mo ti ra ike tuntun dání. Mo ní, "Fín in kí n rí i." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fín in.

Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ ṣé, Bàbá!

N kò tíì parí. Mo bi obìnrin lọ́yà náà pé ibo ni èèyàn ti lè fẹjọ́ lọ́yà sùn. Ó sọ fún mi. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà pè mí sí Àbújá, Àlàájì ló bá mi lọ. Èdè Òyìnbó ni wọ́n sọ níbẹ̀. Mo ka ìwé girama parí, mo gbọ́ ọ, n ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe rí.

Bàrístà wà níbẹ̀. Kò wo ojú mi. Olórí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó bi í pé, "Nígbà tí o sọ fún obìnrin yìí pé wọ́n ti dá ọ padà, ṣé a ti dá ọ padà?"

"Sà, mo sọ ọ́ nípa ìgbàgbọ́."

"Nígbà tí o sọ ọ́ fún adájọ́ ńkọ́?"

"Mo gbàgbọ́ pé ẹ máa tó dá mi padà, sà."

Bàbá náà ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìgbàgbọ́ rẹ ló wà ní àtìmọ́lé ni, àbí ọmọ obìnrin yìí?"

Mo ti ṣe oríṣiríṣi àdúrà láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n nínú yàrá àwọn lọ́yà yẹn ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ sọ pé "àmín" láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí n sọ ọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ó ṣe tí wọ́n fi kọ́kọ́ ní kó lọ rọ́kún. Wọ́n kà á sétí gbogbo wa: ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ opó kan, kò dé kóòtù, opó náà sì pàdánù ilé rẹ̀. Òun ni àwọn ọ̀tá tó dìde sí i níbi iṣẹ́. Opó kan! Òun la jó lé lórí níbí.

Ìgbìmọ̀ kò dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà nígbà tí obìnrin lọ́yà náà pè mí. Ó ní, "Mà, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn lọ́yà. Kì í ṣe pé kó lọ rọ́kún mọ́. Wọ́n yọ ọ́ pátápátá." Mo ní, "Ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ. Mo lọ béèrè, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹjọ́ Gbénga náà ti parí. Kọ́ńpìnnì kò mú ẹlẹ́rìí kankan wá, gbogbo ìgbà tí adájọ́ bá pè wọ́n ni wọ́n ń ní àwọn ń bọ̀. Ó sú adájọ́, ó ní kí Gbénga máa lọ sílé lómìnira. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gbà á padà síbi iṣẹ́. Èémí rẹ̀ kò sì tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé ó ti padà.

Àwọn kan nínú yín ní mo ba ayé Bàrístà jẹ́. Wọ́n ní ó yẹ kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àbújá ni Ọlọ́run gbé gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàhálà láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ilẹ̀ tàbí ilé yín dún kookò mọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rù. Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè! Tí ìyá kan bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó ní, "Bó ṣe wọ̀ ọ́ léṣìí náà ni kẹ́ ẹ gé e," mo máa ń ní, "Ẹ pe ọmọ náà wá kí n wọ̀n ọ́n." Ìyá yẹn kì í ní mò ń fa ọwọ́ Ọlọ́run sẹ́yìn. Ẹ wọn lọ́yà kí ẹ tó gbé ọmọ yín lé e lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ kò ní bínú. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á dúró dè yín. Tí ẹ bá sì wà nínú òkùnkùn, ẹ sọ pé òkùnkùn ni. Ọlọ́run kò nílò kí ẹ bá òun parọ́ kó tó lè gbà yín.

Gbénga, dìde. Bọ́ síwájú. Má tijú.

Ẹ̀yin ará, ọmọ mi nìyí. Kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án. Màmá Aláàánú, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, mà. Ẹ fi ọwọ́ sí àyà rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ó ń dún, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ẹ yin Olúwa! Báyìí ni kẹ́ ẹ ké Halelúyà!

Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bàrístà, mo rí ọ níbi tó o jókòó sí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òpó. Wọ́n ti ń bẹ̀ mí láti àná pé tí mo bá dé orí pẹpẹ yìí, kí n sọ níwájú ìjọ pé mo ti dárí jì ọ́. Wọ́n ní tí ọkàn mi ò bá tíì gbà á, kí n ṣáà sọ ọ́ nípa ìgbàgbọ́.

N kò tíì dárí jì ọ́. Mò ń gbàdúrà sí i. Kò tíì ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, n ó gba máìkì, n ó sì sọ ọ́, o ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni, torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́ fún èyí tó ti ṣẹlẹ̀.